Ẹja Inú Fóìlì: Bí Oúnjẹ Alẹ́ Àwọn Ará Karibéànì Ṣe Lè Di Òwò ní Southmere

Ojú ewé òwò wa tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ìdáná la fẹ́ wọ̀.

Àwa ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe àjèjì sí ẹja. Ẹni tó bá ti ná Ọjà Olúwo nílé rí mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká mọ ẹja í jẹ, ọ̀tọ̀ ni ká mọ̀ ọ́n tà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ta ẹja inú fóìlì ní Southmere, ogójì ìdì ni mo sè. Àwọn ènìyàn jẹ ẹ́, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n yìn mí, wọ́n sì bi mí léèrè ìgbà tí n ó tún sè é. Mo délé lálẹ́, mo jókòó, mo ṣírò owó ọwọ́ mi. £23 ni mo pàdánù.

Ìyìn dára, ṣùgbọ́n kì í san owó iná. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń rò ó pé kí òun máa ta oúnjẹ láti inú ilé. Sísè ẹja náà kò le rárá. Wákàtí kan ti tó fún ẹni tó fẹ́ fi bọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ di òwò ni pé kí ẹ mọ iye tí ìdì kan ná yín, kí ẹ sì mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ kìíní. Díẹ̀ ló kù kí n fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ìkejì.

Ibi tí mo ti kọ́ ọ

Ẹni tó bá mọ Southmere mọ adágún omi tó wà níbẹ̀, àti àwọn ilé gogoro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún 1968 ni àwọn tó kọ́kọ́ gbé ní Thamesmead kó wọlé. Lóde òní, ilé tuntun ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́, àti pé láti ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Abbey Wood àti Woolwich, àdúgbò wa kò jìnnà sí àárín Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, ẹ lè gbọ́ Yorùbá, Ígbò, Twi àti èdè àwọn ará Jàmáíkà kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà yín.

Ìyá àgbà ará Jàmáíkà kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Màmá ni mò ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, òórùn ata rodo àti táìmù gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi. Mo ṣe bí ẹni pé mo fẹ́ kí i, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí n jókòó. Ó gbé ìdì fóìlì kan sórí àwo, ó tú u, ooru sì rú bo gbogbo ojú wa. Odindi ẹja pupa kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilá, kárọ́ọ̀tì, elégédé àti ẹ̀fọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa.

Mo ní, "Màmá, tẹ̀tẹ̀ nìyí!" Ó ní rárá, callaloo ni. A jọ bá ara wa jiyàn títí tí mo fi lọ mú ìdì tẹ̀tẹ̀ tó wà nínú fìríìjì mi wá fi hàn án. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ohun tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní callaloo, ọmọ ìyá tẹ̀tẹ̀ wa ni. Bí ẹ bá dé Trinidad, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewé kókò sè, nítorí náà ẹ bèèrè dáadáa kí ẹ tó ra èyí tí wọ́n rọ sínú agolo.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ilá ti wá, àwọn baba ńlá wa ló bá a lọ sí òdìkejì òkun. Ata rodo ní tirẹ̀, ọ̀hún ló ti wá bá wa. Àkàrà tiwa ni wọ́n ń pè ní accra ní àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń fi ẹja oníyọ̀ dín. Abúlé kan sì wà ní Westmoreland ní Jàmáíkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abeokuta títí di òní. Ẹni tó ń sè oúnjẹ Karibéànì kò jìnnà sílé.

Fóìlì pàápàá, ewé ni baba rẹ̀. Àwa la fi ewé dì mọ́ínmọ́ín, tí a fi dì ẹ̀kọ. Iṣẹ́ tí ewé ń ṣe náà ni fóìlì ń ṣe: ó há ooru mọ́ inú, omi ara ẹja àti ti ẹ̀fọ́ kò ráyè jáde, òun náà ló sì ń sè é. Ìdí nìyẹn tí kò fi nílò omi, tí kò sì nílò òróró púpọ̀.

Bí a ṣe ń sè é fún ènìyàn mẹ́rin

Ohun tí ẹ ó rà:

- Ẹja mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 400g. Red snapper ni Màmá ń lò. Èpìyà tàbí sea bream náà dára. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ta ẹja bá yín yọ ìpẹ́ àti ìfun rẹ̀.
- Ilá 12, kárọ́ọ̀tì 2, tàtàṣé 1, elégédé 300g, ìdì tẹ̀tẹ̀ 1.
- Àlùbọ́sà ńlá 1, àlùbọ́sà eléwé 4, awẹ́ ááyù 4, atalẹ̀ díẹ̀.
- Ata rodo 4, ẹ̀ka táìmù 8, ọsàn wẹ́wẹ́ 1.
- Pimento horo 12. Èso gbígbẹ ilẹ̀ Jàmáíkà ni, ó dàbí ata iyẹrẹ lójú, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ ó rí i ní ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta ọjà Karibéànì.
- Òróró síbí 2, iyọ̀ àti ata dúdú.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é:

1. Ẹ tan ófùnù sí 200°C. Bó bá jẹ́ ófùnù tó ní fáànù, 180°C ti tó.
2. Ẹ fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ ẹja ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ gún ááyù, atalẹ̀, pimento, iyọ̀ àti ata dúdú pọ̀, ẹ fi ra inú àti ara rẹ̀. Ẹ ki ẹ̀ka táìmù méjì àti àlùbọ́sà eléwé kan bọ inú rẹ̀.
3. Ẹ gé elégédé àti kárọ́ọ̀tì ní pẹlẹbẹ tín-ínrín. Ìwọ̀nyí ló ń pẹ́ jinná jù. Bí ẹ bá gé wọn nípọn, ẹja yóò ti jinná tán kí wọ́n tó rọ̀. Orí ilá nìkan ni kí ẹ gé, ẹ má rẹ́ ẹ, kó má baà yọ̀ gbogbo ìdì náà.
4. Ẹ tẹ́ fóìlì onílọ̀ọ́po méjì. Ẹ tẹ́ bébà tí a fi ń yan kéèkì sórí rẹ̀, tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹ bá rí i. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Omi ọsàn àti iyọ̀ máa ń jẹ lára fóìlì, kò sì dára kí ìyẹn wọ inú oúnjẹ.
5. Ẹ to elégédé, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti tẹ̀tẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ gbé ẹja lé e. Ẹ fi ilá àti tàtàṣé yí i ká, ẹ ta òróró díẹ̀ sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Odindi ata rodo kan ni kí ẹ gbé sórí ìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ má gé e. Òórùn rẹ̀ yóò wọ ẹja, oró rẹ̀ yóò dúró sí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ni yóò fọ́ tirẹ̀.
6. Ẹ ká fóìlì pọ̀ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kí àyè wà lókè fún ooru. Ìdì tó bá há jù máa ń bẹ́.
7. Ẹ fi sínú ófùnù fún ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹ ki ohun èlò tí a fi ń wọn ìgbóná oúnjẹ bọ ibi tó nípọn jù lẹ́yìn orí ẹja. Bó bá dé 70°C tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ó ti jinná. Ẹran ẹja á ti funfun, á sì máa yà kúrò lára egungun.

Ẹ tú u ní ìhà tó jìnnà sí ojú yín. Ooru inú fóìlì kò mọ ojú àgbà.

Bí mo ṣe pàdánù £23

Ẹ jẹ́ kí n tú àpò mi síta, kí ẹlòmíràn má baà rìn níbi tí mo rìn. £7 ni mo ta ìdì kan. Ogójì lọ́nà £7 jẹ́ £280. Mo ra ẹja ní £150, mo ra ẹ̀fọ́ àti ata ní £48. Nínú orí mi, £82 ni èrè mi. Mo ti fi owó náà ra bàtà fún ọmọ nínú ọkàn.

Èyí ni ìṣírò tí mo bá nílẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́ sínú ìwé:

- Ẹja: £150
- Ẹ̀fọ́, ata àti èròjà: £48
- Fóìlì, bébà, páálí ìgbóúnjẹ àti báàgì: £26
- Iná mànàmáná: £9
- Takisí tó gbé oúnjẹ lọ sí gbọ̀ngàn: £14
- Àpapọ̀ owó tó jáde: £247

Owó tó wọlé kì í ṣe £280. Ìdì mẹ́rin kò tà, a jẹ ẹ́ nílé ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé. Ìdì mẹ́rin mìíràn, àwọn ojúlùmọ̀ ló gbé e lọ. "Àǹtí, n ó rán an sí àkáǹtì yín." Mo ṣì ń retí rẹ̀. Ìdì 32 ni wọ́n sanwó rẹ̀, ìyẹn £224. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú £247, £23 ni àdánù.

N kò tíì ka iṣẹ́ ọwọ́ mi. Wákàtí méjì ni mo fi rajà, wákàtí márùn-ún ni mo fi yọ ìpẹ́ ẹja tí mo sì fi gé ẹ̀fọ́, wákàtí mẹ́ta ni mo fi dì í tí mo sì fi sè é, wákàtí kan ni mo fi gbé e lọ. Wákàtí 11. Ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, owó tó kéré jù lọ tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọdún 21 ní orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ £12.21 ní wákàtí kan. Bí mo bá gba ènìyàn síṣẹ́, £134.31 ni ǹ bá san fún un. Ẹ pín in sí ogójì, £3.36 ni iṣẹ́ ọwọ́ lórí ìdì kan. Ẹ fi kún £6.18 tí ọjà, iná àti ọkọ̀ ná mi lórí ìdì kan, ó di £9.54. Ohun tó ná mi ní £9.54 ni mò ń tà ní £7, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí oníbàárà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ń ka owó ọjà, a kò ka owó ara wa. Nígbà tó bá rẹ̀ wá, a ó ní òwò oúnjẹ kò lérè.

Ohun tí mo yí padà

Mo sinmi fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà mo tún bẹ̀rẹ̀. Nǹkan márùn-ún ni mo yí padà.

Èkíní, kò sí ìdì tí n ó sè tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́rú ni mo ń ti orúkọ fún oúnjẹ Sátidé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì wọlé, kò tíì ra nǹkan kan. Ó dun àwọn kan lákọ̀ọ́kọ́. Nísinsìnyí, wọ́n ti mọ́ ọn lára.

Ìkejì, mo fi red snapper sílẹ̀ fún àwọn tó bá dìídì bèèrè rẹ̀, tí wọ́n sì san owó rẹ̀. Èpìyà ni mo ń lò fún ìyókù. Ẹni tó bá lè jí ní kùtùkùtù lè lọ sí ọjà ẹja Billingsgate, tó ti wà lẹ́bàá Canary Wharf láti ọdún 1982. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Sátidé ni wọ́n ń ná an, kí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ni ọjà náà sì ti tú. Bí ènìyàn mẹ́ta nínú wa bá pawọ́ pọ̀ ra páálí kan, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ata àti ẹ̀fọ́, ọjà Beresford Square ní Woolwich ló súnmọ́ wa jù.

Ìkẹta, mo ra fóìlì ńlá tí àwọn alásè ń lò. Fóìlì kékeré inú súpámákẹ́ẹ̀tì ń jẹ owó díẹ̀díẹ̀ ni.

Ìkẹrin, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ti ń gbé e. Kò sí takisí mọ́. Ìdì mẹ́jọ ni ófùnù mi ń gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ogójì ìdì jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo pín àwọn oníbàárà sí ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ààyè rẹ̀ bá jẹ́ agogo márùn-ún, ìdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni yóò gbà. Èyí tó bá ní láti dúró, òfin ní kí ìgbóná rẹ̀ má dín sí 63°C.

Ìkarùn-ún, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja ni wọ́n ti ń bá mi yọ ìpẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ń gé ẹ̀fọ́, mo sì ń tọ́jú ẹja àti ẹ̀fọ́ sínú fìríìjì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní 5°C. Wákàtí 11 di 6.

Bí ìṣírò ìdì kan ṣe rí nìyí báyìí. Iye ọjà ọ̀dọ̀ mi ni; ẹ fi ti ọ̀dọ̀ yín pààrọ̀ rẹ̀:

- Ẹja: £2.40
- Ẹ̀fọ́, ata àti èròjà: 95p
- Fóìlì, bébà àti páálí: 45p
- Iná: 20p
- Iṣẹ́ ọwọ́, wákàtí 6 fún ogójì ìdì: £1.83
- Àpapọ̀: £5.83

£8.50 ni mò ń tà á. £2.67 ló ń ṣẹ́kù lórí ìdì kan lẹ́yìn tí mo ti san owó fún ara mi. Lórí ogójì ìdì, ó jẹ́ £106.80. Kò tíì tó kọ́ ilé o, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdánù mọ́. Mo fi owó kún un, oníbàárà kò sì sá. Èyí tó sá ni àwọn tí kì í sanwó tẹ́lẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́kàn mi ni èyí. Níbi ìkómọ kan, ẹja inú fóìlì ni wọ́n ní kí n gbé wá. Ìyá ọ̀dọ́ kan gbé ọmọ ọdún mẹ́rin wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí mílíìkì nínú rẹ̀? Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́." Mo ní kò sí o, ẹja àti ẹ̀fọ́ lásán ni. Ó dúpẹ́, ó lọ jókòó, ó tú ìdì náà.

Mo ti yí sí ẹlòmíràn kí n tó rántí. Bọ́tà ni mò ń lò nígbà náà, bí Màmá ṣe kọ́ mi. Mílíìkì kúkú ni bọ́tà. Mo sáré kọjá láàárín àwọn tó ń jó, mo já fọ́ọ̀kì gbà lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò tíì fi kan ẹnu. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó jẹ ẹ́, ó tán." Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi di òní.

Kì í ṣe irọ́ ni mo pa. N kò kọ ohun tí mo fi sè é sílẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, òróró ni mò ń lò, mo sì ń lẹ ìwé mọ́ ara ìdì kọ̀ọ̀kan.

Òfin náà kò fojú kékeré wò ó. Ohun 14 ni òfin kà sílẹ̀ tó lè fa álẹ́jì. Ẹja wà nínú wọn, mílíìkì wà níbẹ̀, edé àti akàn, ẹyin, ẹ̀pà, sóyà, alíkámà, sẹ́lẹ̀rì àti yánmọtí pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi edé lílọ̀ sí nǹkan, ẹ gbọ́ o. Ẹ sì yí páálí ẹ̀ẹ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti èròjà ẹja padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Sẹ́lẹ̀rì àti alíkámà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀.

Bí ẹ bá ti di ìdì sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, bí irú èyí tí ẹ tò sórí tábìlì lọ́jà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni òfin ti ní kí orúkọ oúnjẹ náà àti gbogbo èròjà rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ohun tó bá jẹ́ ti álẹ́jì sì hàn yàtọ̀. Òfin Natasha ni wọ́n ń pè é, nítorí Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15 tó kú ní ọdún 2016 lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì tó ní yánmọtí nínú, tí ìwé ara rẹ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti pàṣẹ oúnjẹ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun álẹ́jì inú rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, kí ẹ sì tún jẹ́ kí ó hàn nígbà tí wọ́n bá gbà á. Èmi máa ń fi gbólóhùn kan kún un: ẹ má gbé fóìlì yìí sínú máíkíróweefu.

Ìwé àti àṣẹ

Ẹja tútù là ń ká. Bó bá gbẹ tán, kíkán ló ń kán. Kí ẹ tó ta ìdì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣe ìwé.

*Káńsù.* Ẹ forúkọ òwò oúnjẹ yín sílẹ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ 28 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kò sì lè kọ̀ ọ́ fún yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà ni pé Thamesmead pín sí méjì. Southmere wà lábẹ́ Bexley. Woolwich àti ìhà ìwọ̀-oòrùn Thamesmead wà lábẹ́ Greenwich. Ibi tí ilé ìdáná yín wà ni ẹ ó ti forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń tà á. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ àtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, àṣẹ mìíràn nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù ibi tí àtẹ náà máa wà.

*Àbẹ̀wò.* Òṣìṣẹ́ káńsù yóò wá wo ilé ìdáná yín, wọn á sì fún yín ní máàkì láti 0 dé 5. Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ, Food Standards Agency, ní ìwé kan tó ń jẹ́ Safer Food, Better Business, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ìgbóná fìríìjì àti ti ẹja sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ bá sè. Òfin kò sọ pé dandan ni kí ẹ ní ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ ní ìmọ̀ rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi hàn.

*Onílé àti adójútòfò.* Ẹ ka ìwé ilé yín. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń fẹ́ kí ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ṣòwò nínú ilé wọn. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò ilé yín pẹ̀lú, kí ẹ sì ra ti òwò.

*Físà.* Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, òfin kò fún yín láyè láti dá òwò ti ara yín ṣe, bó ti wù kó kéré tó. Ẹja kò tó ohun tí a fi ń ba ìwé jẹ́. Ẹni tó bá wà lórí físà iṣẹ́, kó béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kó tó tan ófùnù.

*Owó orí.* Láti ọdún 2017, bí gbogbo owó tó wọlé láti inú òwò kékeré yín kò bá ju £1,000 lọ láàárín ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún kejì, ẹ kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Gbogbo owó tó wọlé ni mo wí, kì í ṣe èrè. Bí ẹ bá ta ogójì ìdì ní £8.50, £340 ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Bó bá ti kọjá, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC kó tó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá tó tẹ̀lé òpin ọdún owó orí náà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, títí dórí ti fóìlì.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Òwò yìí kò ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó lọ́sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọwọ́ ọbẹ̀, tó ní ófùnù, tó sì lè kọ iye tí nǹkan ná an sínú ìwé, lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìṣírò mi wà nílẹ̀. N ó mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó ṣe àdàkọ rẹ̀, kó mú ti ara rẹ̀ wá ká jọ wò ó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ ta nǹkan. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá gbé ọjà wá, ẹ má bèèrè ẹ̀dínwó ojúlùmọ̀, ẹ má sì wí pé ẹ ó rán owó tó bá yá. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, mo gbé ìdì àkọ́kọ́ lọ fún Màmá ní ọ̀fẹ́, torí òun ló kọ́ mi. Ó tú u, ó tọ́ ọ wò, ó sì kà £8.50 sórí tábìlì. Mo ní rárá. Ó ní òun kọ́ mi kí n lè jẹun nínú rẹ̀ ni, òun kò kọ́ mi kí n lè máa pín in kiri.

Mo gba owó náà. Òun ló wà ní ìlà kìíní nínú ìwé mi.